Súyà nílé: Bí ẹ ṣe lè sun ẹran tó dùn láì kó àìsàn bá ará ilé

Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, ì báà jẹ́ ní Kánò, Ìbàdàn, Cotonou tàbí Accra, imú ló máa ń kọ́kọ́ rí onísúyà kí ojú tó rí i. Èéfín á máa rú, ọ̀rá ẹran á máa kán sórí èédú, àwọn tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ á sì yà síbẹ̀, wọ́n á ní: "Màlámù, ẹ fi ata sí i dáadáa o."

Ní báyìí tí ẹran ti di ọ̀wọ́n, ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń rò ó pé ó sàn kí àwọn ra ẹran kílò kan lọ́jà, kí àwọn sì sun ún fúnra àwọn lẹ́yìnkùlé. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, àsìkò ooru, láti oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹjọ, ni àwọn ọmọ Yorùbá máa ń gbé ààrò èédú jáde sí àgbàlá. Nílé níbí, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, tàbí ọjọ́ ọdún.

Ẹran sísun kì í ṣe iṣẹ́ tó le. Àmọ́ àṣìṣe kékeré máa ń sọ ẹran di awọ bàtà, àṣìṣe mìíràn sì wà tó ń gbé odidi ìdílé lọ sílé ìwòsàn. Ẹ jẹ́ ká wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Níbo ni súyà ti wá?

Ọ̀dọ̀ àwọn Hausa ni. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ ni pé ní èdè Hausa, ohun tí wọ́n bá dín nínú òróró ni ọ̀rọ̀ náà "suya" ń tọ́ka sí. Ẹran tí wọ́n fi igi tín-ín-rín gún, tí wọ́n fi ata pa lára, èyí tí a ń pè ní súyà ní gúúsù, "tsire" ni àwọn tó ni ín ń pè é. Èyí tí wọ́n kàn sun lórí iná láì fi ata ẹlẹ́pà pa á ni "balangu". Èyí tí wọ́n gé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí wọ́n sá sóòrùn, tí wọ́n fi ẹ̀pà lílọ̀ àti ata kùn kí wọ́n tó yan án gbẹ, òun ni "kilishi".

Iṣẹ́ àjogúnbá ni iṣẹ́ alápatà nílẹ̀ Hausa. Wọ́n ní olórí tí oyè rẹ̀ ń jẹ́ Sarkin Fawa, inú irú ìdílé bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ onísúyà ti jáde. Bí àwọn oníṣòwò Hausa ṣe ń rìn káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni oúnjẹ yìí ń bá wọn rìn. Ní Ghana, wọ́n ń pè é ní "chichinga". Ní Cameroon, "soya" ni. Ní Benin àti Togo, ẹ ó gbọ́ "tchatchanga". Àwọn ará Côte d'Ivoire náà ní "choukouya" tiwọn, àwọn ará Senegal sì ní "dibi", èyí tí wọ́n sábà máa ń fi ẹran àgùntàn ṣe.

Irú ẹran wo ló dára jù?

Ẹran màlúù tí kò lọ́ràá púpọ̀, tí kò sì ní iṣan, ló dára jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ sọ fún alápatà pé ẹran itan lẹ fẹ́, pé súyà lẹ fẹ́ fi ṣe. Ẹran adìẹ, ẹ̀dọ̀, kíndìnrín àti iwe náà ṣeé sun, àmọ́ ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ bọ iwe kó rọ̀ díẹ̀.

Àṣírí onísúyà wà lẹ́nu ọ̀bẹ rẹ̀. Ó máa ń gé ẹran pẹlẹbẹ ni, kì í gé e kìbìtì-kìbìtì. Bí ọ̀bẹ yín kò bá mú tó tirẹ̀, ẹ gbé ẹran sínú fíríìsà fún bí wákàtí kan kó le díẹ̀, yóò rọrùn láti gé. Ẹ wo ibi tí okùn ara ẹran náà dorí kọ, kí ẹ sì gé e ní ìbú. Bí ẹ bá gé e tẹ̀lé okùn rẹ̀, ẹ ó jẹ ẹ́ títí, ẹnu á ro yín.

Ibi tí ẹ ti ra ẹran ṣe pàtàkì ju ata lọ. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, àìsàn anthrax bẹ́ sílẹ̀ ní ẹkùn Upper East ní Ghana. Ní oṣù Keje ọdún kan náà, Nàìjíríà kéde pé àìsàn náà ti wọ ibi ìsìn ẹran kan ní Suleja, ní ìpínlẹ̀ Niger. Kòkòrò anthrax lè sé ara rẹ̀ mọ́ inú èèpo líle kan tí iná ìdáná lásán kò fi bẹ́ẹ̀ ràn. Nítorí náà, ẹran tó kú fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹran jíjẹ, bó ti wù kó pọ́n lójú tó. Ọ̀dọ̀ alápatà tó ń pa ẹran níbi tí dókítà ẹran ti ń yẹ̀ ẹ́ wò ni kí ẹ ti rà á.

Yaji: ata tó ń sọ ẹran di súyà

Ìyẹ̀fun tí onísúyà ń fi pa ẹran lára ni wọ́n ń pè ní "yaji". Kúlíkúlí ni òpó rẹ̀. Kò sí ohun tó wà nínú rẹ̀ tí ẹ kò ní rí lọ́jà. Fún ẹran kílò kan, ẹ lè lo:

• Kúlíkúlí gígún, ṣíbí ìjẹun mẹ́jọ
• Atalẹ̀ gbígbẹ tí wọ́n lọ̀, ṣíbí ìjẹun méjì
• Ata gígún, ṣíbí ìjẹun méjì, tàbí bí ẹnu yín bá ṣe gbà á tó
• Áàyù gbígbẹ àti àlùbọ́sà gbígbẹ tí wọ́n lọ̀, ṣíbí ìjẹun kọ̀ọ̀kan
• Ẹ̀ẹ̀rù méjì àti kànáfùrù mẹ́rin, kí ẹ gún wọn kúnná
• Iyọ̀ ṣíbí tíì kan, àti Maggi ẹyọ kan

Ẹ̀pà tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀ kúrò ni kúlíkúlí. Ìdí nìyẹn tó fi ń dúró bí ìyẹ̀fun. Bí ẹ bá lọ ẹ̀pà sísun lásán, òróró inú rẹ̀ á sọ ọ́ di ohun tó rí bíi bọ́tà, kò sì ní lẹ̀ mọ́ ẹran bó ṣe yẹ. Ẹ̀yin tó wà lókè òkun tí ẹ kò rí kúlíkúlí, ẹ wá ìyẹ̀fun ẹ̀pà tí wọ́n ti yọ òróró rẹ̀, wọ́n ń tà á ní àwọn ilé ìtajà ńlá.

Ẹ tọ́ kúlíkúlí wò kí ẹ tó gún un. Bó bá ti bu, tàbí tó ń kan lẹ́nu, ẹ dà á nù. Èbu tó ń hù lára ẹ̀pà lè mú oró kan tó ń jẹ́ aflatoxin jáde. Oró yìí wà lára àwọn ohun tí àjọ IARC, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ, sọ pé ó dájú pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ, ẹ̀dọ̀ ló sì máa ń bá jà jù. Dídín tàbí sísun kì í pa gbogbo rẹ̀.

Ẹ pín yaji yín sí abọ́ méjì. Ẹ po ti àkọ́kọ́ pọ̀ mọ́ òróró ẹ̀pà ṣíbí mẹ́ta, kí ẹ fi pa ẹran lára, kí ẹ bò ó, kí ẹ sì gbé e sínú fíríìjì fún wákàtí kan ó kéré tán. Ìkejì lẹ máa bù sí i nígbà tó bá jinná tán. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń ti inú abọ́ kan náà tí ẹran tútù ti kàn bu ata sórí ẹran tó ti jinná. Bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò àìfojúrí tí iná ti pa ṣe ń padà wá.

Báwo ni kí iná ṣe rí?

Ẹ dáná sílẹ̀ ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú. Ìgbà tí iná bá ṣì ń jó lálá kọ́ ni kí ẹ gbé ẹran lé e. Ẹ dúró kí èédú di ẹyín iná, kí eérú funfun bò ó. Nígbà náà ni ooru rẹ̀ tó dúró sójú kan.

Ẹ má ṣe fi epo bẹntiróòlù dáná, ẹ má sì da kẹrosíìnì sórí èédú tó ti ń jó. Iná lè gba inú èéfín epo náà padà wá bá yín lọ́wọ́. Ẹ má sì fi ọ̀rá, táyà tàbí pákó tí wọ́n kùn lọ́dà ko iná, nítorí èéfín wọn á wọ inú ẹran.

Ẹ kó ẹyín iná jọ sí apá kan ààrò, kí ẹ fi apá kejì sílẹ̀. Ẹ fi ẹran sí ojú iná kó lè pọ́n, lẹ́yìn náà kí ẹ sún un sí ẹ̀gbẹ́ kó lè jinná wọ inú. Bí ọ̀rá bá kán tí iná sì sọ sókè, ẹ sún ẹran kúrò, ẹ má da omi sí i. Igi tí ẹ máa fi gún ẹran náà, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó má bàa jó.

Ẹ̀yin tí ẹ kò ní àgbàlá, ààrò gáàsì tàbí ti iná mànàmáná ṣeé lò. Ẹ jẹ́ kó gbóná dé 220°C, kí ẹ to ẹran sórí wáyà, kí ẹ sì fi àwo irin sábẹ́ rẹ̀.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti jinná?

Ata yaji máa ń mú kí ẹran pupa, nítorí náà ojú lè tan yín jẹ. Bí ẹ bá ní irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn ooru ẹran, ìlànà ilé iṣẹ́ ètò ọ̀gbìn Amẹ́ríkà ni pé kí inú ẹran màlúù, àgùntàn tàbí ewúrẹ́ tó wà ní gígé dé 63°C, kí ó sì sinmi fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹran lílọ̀ gbọ́dọ̀ dé 71°C. Ẹran adìẹ gbọ́dọ̀ dé 74°C. Bí ẹ kò bá ní irinṣẹ́, ẹ la èyí tó nípọn jù sí méjì. Bí omi inú rẹ̀ bá ṣì pọ́n, ẹ dá a padà sórí iná.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àsọdùn. Nínú ìwádìí tí àjọ WHO gbé jáde lọ́dún 2015, wọ́n ṣírò rẹ̀ pé mílíọ̀nù 600 ènìyàn ni oúnjẹ tí kò mọ́ ń kó àìsàn bá lágbàáyé lọ́dún kan, tí 420,000 sì ń kú. Nílẹ̀ Áfíríkà nìkan, àwọn tó ń kú lé ní 130,000.

Àjọ náà tún sọ pé kí oúnjẹ tó jinná má ṣe wà níta ju wákàtí méjì lọ. Súyà tó kù lálẹ́, fíríìjì ni kí ó sùn. Bí iná bá lọ, tí kò sì dé títí ilẹ̀ fi mọ́, ẹ má ṣe fi ikùn yín dán an wò.

Ṣé òótọ́ ni pé ẹran sísun ń fa jẹjẹrẹ?

Lọ́dún 2015, àjọ IARC pín ẹran sí ọ̀nà méjì. Ó ní ó dájú pé ẹran tí wọ́n ti po oògùn tàbí iyọ̀ mọ́ kó lè pẹ́, irú bíi sọ́séèjì, lè fa jẹjẹrẹ. Ẹran pupa, bíi ti màlúù àti ti àgùntàn, ni ó ní ó ṣeé ṣe kó fà á. Iná tó le jù àti èéfín ọ̀rá tó ń jó sì máa ń dá àwọn èròjà burúkú sílẹ̀ lára ẹran.

Kò túmọ̀ sí pé igi súyà kan ni yóò pa ènìyàn. Ohun tó ń sọ ni pé kí á má ṣe é ní àjẹjù, kí á sì sun ún dáadáa:

• Ẹ gé ọ̀rá kúrò lára ẹran kí ẹ tó sun ún
• Ẹ máa yí i lemọ́lemọ́, ẹ má jẹ́ kó dúró sójú iná kan náà pẹ́
• Ẹ gé ibi tó bá ti jó dúdú sọnù, ẹ má fún ọmọdé jẹ
• Ẹ fi àlùbọ́sà, tòmátì àti kábéèjì tútù jẹ ẹ́

Èéfín tí kò lóòórùn

Ewu kan wà tó yára ju jẹjẹrẹ lọ. Bí òjò bá dé, àwọn kan máa ń gbé ààrò èédú wọ inú ilé tàbí gàréèjì. Ẹ má dán an wò. Èédú tó ń jó máa ń tú afẹ́fẹ́ carbon monoxide jáde. Kò láwọ̀, kò lóòórùn. Orí á máa fọ́ ènìyàn, oorun á máa kùn ún, kí ó tó mọ̀ pé nǹkan ń ṣe òun, ó ti dákú. Bí èéfín bá tilẹ̀ ti tán, ẹyín iná tó ṣì pọ́n ṣì ń tú u jáde. Ìta ni kí ààrò sùn títí yóò fi kú pátápátá.

Ẹran Iléyá ńkọ́?

Iléyá máa ń fi bí ọjọ́ mọ́kànlá sún síwájú lọ́dọọdún. Lọ́dún 2025, ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹfà ló bọ́ sí, ó sì bá ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ooru lókè òkun pàdé. Ẹran máa ń pọ̀ lọ́jọ́ náà, ọwọ́ sì máa ń dí. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti pín ti aládùúgbò àti ti aláìní, ẹ gé ìyókù sí kékeré kó lè tètè tutù nínú fíríìjì. Ẹran àgbò lè le, nítorí náà ẹ jẹ́ kó sùn sínú yaji di ọjọ́ kejì. Bí iná mànàmáná kò bá dúró níbi tí ẹ ń gbé, ẹ sun èyí tí ẹ lè jẹ tán lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì bọ ìyókù, kí ẹ dín in gbẹ.

Nígbà tí ó bá jinná, ẹ má fi ìwé ìròyìn àtijọ́ di í. Yíǹkì ara rẹ̀ kì í ṣe ohun jíjẹ, ọ̀rá gbígbóná sì máa ń fà á wọ inú ẹran. Fọ́ìlì dára, ewé tí a fi ń di mọ́ínmọ́ín náà dára. Ẹ bu yaji inú abọ́ kejì sí i, kí ẹ gé àlùbọ́sà lé e lórí. Ẹni tó bá fẹ́ fi mu gààrí tútù, ó mọ ohun tó ń ṣe.