Fífi Àdúrà Ka Ìwé Ìhìnrere

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí ni bí ènìyàn ṣe lè fi àdúrà ka ìwé Ìhìnrere títí yóò fi gbọ́ ohun tí Ọlọ́run ń bá a sọ.

Bí àwa Yorùbá bá wí pé ọmọ kan gbọ́, ó lè jẹ́ pé ìró ni ó dé etí rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà yé e, gẹ́gẹ́ bí a ti ń wí pé àlejò kan gbọ́ Yorùbá. Ó sì lè jẹ́ pé ó ṣe ohun tí a ní kí ó ṣe. Ìyá tí ń bínú pé, "Ọmọ yìí kì í gbọ́ tèmi," mọ̀ dájú pé etí ọmọ náà kò di. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń retí gbígbọ́ àkọ́kọ́ nìkan láti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run, bí ẹni pé ohùn kan yóò dún bí agogo ilé ẹ̀kọ́. Èkejì àti ẹ̀kẹta ni ìwé Ìhìnrere máa ń fún ẹni tí ó bá fara balẹ̀.

Ìfarabalẹ̀ kọ́? Ẹni tí ń gbé Ore, ní ìjọba ìbílẹ̀ Odígbó, lè fi mí rẹ́rìn-ín. Ọ̀nà Èkó sí Bìní gba ibẹ̀ kọjá, ọ̀nà Oǹdó sí Òkìtìpupa sì dábùú rẹ̀. Ọkọ̀ ń fọn fèrè, ọmọ ọkọ̀ ń pe èrò, àwọn tí ń ta búrẹ́dì àti ìpékeré ń sáré lọ sí ojú fèrèsé ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn kan wà nínú Ìhìnrere Máàkù, orí 10, ẹsẹ 46 sí 52, tí ó jẹ́ ti ará ẹ̀bá ọ̀nà gan-an. Afọ́jú kan, Bátíméù, jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà Jẹ́ríkò, ó ń ṣagbe. Ó gbọ́ pé Jésù ń kọjá, ó figbe ta. Àwọn èrò ní kí ó panu mọ́, ó tún kígbe ju ti ìṣáájú lọ. Jésù dúró, ó ní kí wọ́n pè é. Ọkùnrin náà bọ́ aṣọ rẹ̀ sílẹ̀, ó fò dìde, Jésù sì bi í léèrè ohun tí ó ń fẹ́.

Ní nǹkan bí 850 ọdún sẹ́yìn, Guigo, olórí ilé àwọn mọ́ńkì kan ní ilẹ̀ Faransé, kọ ìwé kékeré kan nípa irú kíkà yìí. Ó fi í wé àkàsọ̀ onípele mẹ́rin: kíkà, àṣàrò, àdúrà, àti ìsinmi jẹ́jẹ́ níwájú Ọlọ́run. Ó tún fi í wé oúnjẹ tí a gbé sẹ́nu, tí a rún, kí adùn rẹ̀ tó jáde. Bí ó bá ṣe pé Yorùbá ni Guigo, obì ni ìbá mẹ́nu bà. Obì korò lẹ́nu, àfi ẹni tí ó bá rún un dáadáa tí ó sì mu omi lé e ni yóò mọ adùn tí ń tẹ̀lé e.

Nítorí náà, kọ́kọ́ bẹ Ọlọ́run ní gbólóhùn kan pé kí ó la etí rẹ. Ka ẹsẹ méje náà sókè, jẹ́jẹ́, kí o sì tún wọn kà. Má ṣe wá ẹ̀kọ́ ńlá kiri. Wò ó bóyá ọ̀rọ̀ kan dì ọ́ mú. Ó lè jẹ́ aṣọ yẹn ni yóò dá ìyá ọlọ́jà dúró: kí ló dé tí alágbe fi ń bọ́ ohun tí ó ní sílẹ̀? Awakọ̀ lè dúró níbi tí Jésù ti dúró. Ọmọdé lè rántí ẹni tí òun náà ti pa lẹ́nu mọ́ ní kíláàsì. Lẹ́yìn náà, dá Jésù lóhùn bí ẹni pé ìwọ ni ó bi ní ìbéèrè náà. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ pẹ́ sí. Láti àárọ̀ ni Bátíméù ti ń tọrọ owó lọ́wọ́ gbogbo ẹni tí ń kọjá, ṣùgbọ́n nígbà tí a bi í, kò dárúkọ owó. Ojú ni ó ní òun fẹ́. Ẹni tí ó bá dáhùn ìbéèrè yìí láìṣẹ̀tàn lè rí i pé ohun tí òun ti ń gbàdúrà fún láti ọdún yìí wá kọ́ ni òun ṣe aláìní. Lẹ́yìn èyí, dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Bí fèrè ọkọ̀ bá dún, jẹ́ kó dún.

Ẹni tí kò mọ̀wé ńkọ́? Ní nǹkan bí ọdún 270, Antony, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Íjíbítì, gbọ́ tí wọ́n ń ka Mátíù 19:21 ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì lọ pín ogún ilẹ̀ rẹ̀. Etí ni ó fi gbà á. Èdè tiwa náà ti wà nínú ìwé tipẹ́: ìtumọ̀ Àjàyí Crowther láti inú lẹ́tà sí àwọn ará Róòmù jáde ní 1850, odindi Bíbélì Yorùbá sì jáde ní 1884. Ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ẹ máa kà á fún ìyá àgbà. Bí ẹ bá sọ pé Jésù wọ inú ọkọ́ lórí omi, wọn yóò rẹ́rìn-ín, wọn yóò sì dá yín padà sí ọkọ̀. Àǹfààní ni fún tọ̀tún tòsì, nítorí ẹni tí a ń ṣàtúnṣe ohùn fún kò lè sáré kàwé.

Ó ku ohun kan tí kò ṣeé fò. Kì í ṣe gbogbo ohùn tí ó bá sọ sí wa lọ́kàn ni ti Ọlọ́run, kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tí ó rí ìran fún wa ni ó ríran. Ká ní kòkó àgbẹ̀ kan ní ìgbèríko Odígbó ń rà, tí ẹnì kan sì sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó wà nídìí rẹ̀. Kòkó a máa rà nítorí òjò àti àìsàn dúdú tí oògùn wà fún, èyí tí òṣìṣẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ lè fi hàn án. Ṣùgbọ́n ìbínú ti wọ̀ ọ́. Ó ṣí Mátíù 5, ẹsẹ 23 àti 24, níbi tí Jésù ti wí pé kí ẹni tí ó gbé ọrẹ wá sí ibi pẹpẹ fi í sílẹ̀ ná, kí ó kọ́kọ́ lọ bá arákùnrin rẹ̀ parí ìjà. Ohùn méjì ni ó wà níwájú rẹ̀ yẹn. Ọ̀kan ń lé e jìnnà sí ọmọ ìyá rẹ̀, èkejì ń rán an lọ sílé rẹ̀. Bí ó bá kà á lẹ́ẹ̀mẹta tí ọ̀rọ̀ náà kò fi í sílẹ̀, kí ó gbé ọrẹ ọjọ́ ìsinmi sórí tábìlì, kí ó gba ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ kí agogo ṣọ́ọ̀ṣì tó lù.