Orúkọ Ìlú Wà Lára Ògiri

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ Òkìtìpupa, kí ó kọ́kọ́ wo ilẹ̀. Òkìtì ilẹ̀ pupa ni ó fún ìlú ní orúkọ. Òde-Ìdèpé ni a ń pè é tẹ́lẹ̀, ìdí nìyí tí Ọba fi ń jẹ́ Jẹ́gun ti Ìdèpé. Ilẹ̀ pupa yìí kan náà ni àwọn baba wa fi ẹsẹ̀ pò, tí wọ́n fi mọ ògiri tí ó nípọn: ìpele kan á gbẹ kí òmíràn tó gùn ún. Ooru ọ̀sán kì í tètè wọ irú ilé bẹ́ẹ̀. Nísinsìnyí, búlọ́ọ̀kù ti gba ipò rẹ̀. Ọdún 2008 ni a dá yunifásítì sílẹ̀ níbẹ̀. A kò ní àwáwí mọ́. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo bẹ̀ yín, ẹ ya àwòrán èyí tí ó kù, kí ẹ sì bi àwọn àgbà bí wọ́n ti kọ́ ọ. Bí ó bá wó tán, orúkọ nìkan ni yóò kù.