Ẹ̀bùn Àfọwọ́rán fún Onílé Tó Gbà Wá Lálejò



Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí láti inú ilé tèmi. Ní ọdún Iléyá kan, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Ìbarà ní kí èmi àti ìyàwó mi wá lo ọjọ́ méjì lọ́dọ̀ òun. Owó kò sí lọ́wọ́. Ìyàwó mi, tó jẹ́ aránṣọ, ní kí a mú ohun tí òun bá fi ọwọ́ ara òun rán lọ. Mo kọ̀ jálẹ̀. Mo ní ojú yóò tì wá. Mo lọ yá owó, a fi ra kúlà oúnjẹ ńlá kan. Ìgbà tí a dé ibẹ̀, kúlà mẹ́rin irú rẹ̀ ti wà lórí pẹpẹ. Oṣù mẹ́ta gbáko ni a fi san gbèsè náà, ìjà tó sì dá sílẹ̀ láàárín èmi àti ìyàwó mi kì í ṣe kékeré.

Nígbà tí ọdún yípo, n kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ mọ́. Ìyàwó mi ṣa àjákù àdìrẹ tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀, ó fi rán aṣọ tí a fi ń gbé ìkòkò gbígbóná, mẹ́rin. Nígbà tí mo tún dé Ìbarà lẹ́yìn ìyẹn, kúlà wa ṣì wà nínú páálí, ṣùgbọ́n àwọn aṣọ ìgbékòkò náà ti dúdú fún èéfín. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Àbúrò mi, bá mi sọ fún ìyàwó wa kó rán òmíràn sí mi o."

Mo wá rántí pé Ànábì wa, ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kó máa bá a, ti kìlọ̀ fún àwọn obìnrin mùsùlùmí kí wọ́n má ṣe fojú kéré ẹ̀bùn aládùúgbò wọn, ì báà ṣe pátákò àgùntàn lásán.

Àwa ará Ẹ̀gbá kọ́ ló yẹ kí àjákù aṣọ máa ṣòfò lọ́wọ́ wa. Àdìrẹ oníko, àdìrẹ ẹlẹ́kọ, iṣẹ́ àwọn ìyá wa ni. Iṣẹ́ náà bọ́ ìdílé púpọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1936 láti wádìí ọ̀ràn àwọn aláró. Lónìí, ẹni tó bá dé Ìtọ́kú yóò rí àdìrẹ àti kàmpálà oríṣiríṣi. Kó ṣọ́ra, kó má lọ ra èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè.

Bí a ṣe ń rán aṣọ ìgbékòkò náà nìyí. Ẹ kọ́kọ́ fi omi tútù fọ àjákù náà títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́. Ẹ fi aṣọ funfun tó tutù nù ún wò. Bí aró bá ṣì ń ràn án, ẹ tún un fọ̀, kó má baà kó àbàwọ́n bá onílé. Ẹ sá a síbi òjìji. Ẹ gé páálí onígun mẹ́rin, ínṣì mẹ́ta lọ́nà gbogbo, kí ẹ máa fi wọn aṣọ. Ẹyọ mẹ́sàn-án ni ti ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ to èyí tí aró rẹ̀ dúdú sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí funfun rẹ̀ pọ̀. Ẹ rán wọn ní mẹ́ta-mẹ́ta, ẹ lọ̀ wọ́n, kí ẹ tó so ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Ẹ fi ìpele mẹ́ta ìró àtijọ́ tó mọ́ sáàárín, kí ẹ sì fi aṣọ kan tẹ́ abẹ́ rẹ̀. Òwú ni kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ o! Ẹ má ṣe fi fóòmù tàbí aṣọ ọ̀rá sí i, nítorí iná a máa yọ́ ọ mọ́ni lọ́wọ́. Ẹ wá rán an já láti òkè dé ìsàlẹ̀ káàkiri, kí inú rẹ̀ má baà máa ṣù. Ẹ fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ yí etí rẹ̀ po, kí ẹ sì fi okùn kékeré sí igun kan tí wọn yóò fi máa gbé e kọ́.

Ọ̀nà kan náà ni ẹ ó fi rán àpò Kùránì. Ẹ kàn yẹra fún àdìrẹ tó ní àwòrán ẹyẹ tàbí aláǹgbá.

Bí onílé náà bá jẹ́ ẹni tí òun pẹ̀lú ń fi àjákù rán aṣọ ńkọ́? Ẹ̀yìn aṣọ ni irú wọn kọ́kọ́ máa ń wò, nítorí náà kí ojú ìrán yín gún. Ẹ rán ìrọ̀rí kékeré tí yóò máa gún abẹ́rẹ́ mọ́. Ẹ tún gé àjákù àdìrẹ ọgbọọgba bí ọgbọ̀n ẹyọ, ẹ dì wọ́n pọ̀ dáadáa fún un. Ẹlòmíràn lè pè é ní èkísà, ṣùgbọ́n aránṣọ mọ iyì rẹ̀.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ má ṣe bí mo ti ṣe. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Bí ìyàwó yín bá ní òun yóò fi ọwọ́ òun rán ẹ̀bùn, ẹ bá a gé páálí.