Ìkúnlẹ̀ Abiyamọ Lójú Agbami

Àbùùbùtán abuké tó máa ń wọ omi Guinea lọ́dọọdún kì í wá jẹun. Ó wá bímọ ni. Bí oṣù Keje bá ti wọlé, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú òkun Gabon àti São Tomé, àwọn mìíràn a sì tẹ̀ síwájú dé iwájú Kútọnu, Lomé àti omi Nàìjíríà, títí oṣù Kẹwàá yóò fi máa parí lọ. Ibi tí wọ́n ti ń bọ̀ jìnnà: ẹ̀gbẹ́ yìnyín Antarctica ni, ní gúúsù ayé pátápátá. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a gbé etíkun dàgbà ni kò mọ̀ pé iwájú ilé wa ni ilé ìgbẹ̀bí ẹ̀dá tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, ó sì dùn mí pé a kò mọ̀ ọ́n.

Ẹranko ni, kì í ṣe ẹja, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò jẹ́ fẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ọ́rọ́, ẹ̀dọ̀fóró ló fi ń mí, ó ń lóyún, ó sì ń fún ọmọ lọ́mú. Òkè orí ni ihò imú rẹ̀ méjèèjì wà. Bó bá gòkè wá mí, èémí rẹ̀ á tú sókè ní mítà bíi mẹ́ta, ẹni tó wà lókèèrè á rí i. Ẹja a máa ju ìrù sọ́tùn-ún sósì. Òkè àti ìsàlẹ̀ ni àbùùbùtán ń ju tirẹ̀ sí. Àgbà rẹ̀ gùn tó mítà 12 sí 16, ó lè wúwo tó tọ́ọ̀nù 30, abo sì máa ń tóbi ju akọ lọ. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ láàrin ìran àbùùbùtán ni apá rẹ̀ méjèèjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gùn tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ara rẹ̀. Abẹ́ ìrù rẹ̀ ní àbàwọ́n dúdú àti funfun tí kò bá ti ẹlòmíràn dọ́gba. Àbàwọ́n yìí làwọn onímọ̀ ń ya ní fọ́tò: bí wọ́n bá rí i ní Gabon, tí wọ́n tún rí i ní Gúúsù Áfíríkà, wọ́n á mọ̀ pé òun náà ni.

Kò ní eyín kankan. Láti àjà ẹnu rẹ̀ ni awẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ ti rọ̀ sílẹ̀, 270 sí 400 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Irú ohun tí èékánná wa jẹ́ ni wọ́n, irun sì hù sí etí wọn inú, wọ́n wá ń ṣiṣẹ́ bí asẹ́ ògì. Krill, ìbátan edé tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, ni olórí oúnjẹ rẹ̀ ní ẹ̀bá yìnyín lọ́hùn-ún. Á já wọ àárín agbo wọn, á la ẹnu, ìlà-ìlà tó wà lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ á tú, ọ̀fun á wú, omi á ya wọlé tòun ti krill. Á pa ẹnu dé, á fi ahọ́n ti omi jáde gba àárín awẹ́, á wá gbé ohun tó ṣẹ́kù mì. Lọ́jọ́ kan ó lè jẹ tó tọ́ọ̀nù kan àti ààbọ̀. Níbòmíràn wọ́n a máa ṣọdẹ ẹja kéékèèké pọ̀: wọ́n á yí po lábẹ́ omi, wọ́n á máa tú èémí sílẹ̀, afẹ́fẹ́ tó ń hó gòkè á sì sé ẹja mọ́ ojú kan.

Ìgbà ooru ti gúúsù, láti oṣù Kejìlá lọ dé nǹkan bí oṣù Kẹrin, ni wọ́n ń jẹ àjẹpamọ́ yìí. Ọ̀rá tó kó sábẹ́ awọ nígbà náà ló máa gbé wọn lọ, tó máa gbé wọn bọ̀. Lójú ọ̀nà àbọ̀, wọ́n a tún ya jẹun: láti 2011 ni àwọn onímọ̀ ti ń rí agbo wọn, nígbà mìíràn tó 200, ní etíkun ìwọ̀-oòrùn Gúúsù Áfíríkà, níbi tí omi tútù ti ń ru oúnjẹ sókè láti ìsàlẹ̀.

Omi tiwa kò ní irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Kí ló wá ń gbé aboyún rìn tó báyìí? Àwọn onímọ̀ rò pé nítorí ọmọ ni: omi gbígbóná dára fún ara tí kò tí ì lọ́ràá, àti pé àwọn orca tó ń pa ọmọ àbùùbùtán jẹ kò pọ̀ níbí tó ti ẹ̀bá yìnyín. Oyún náà ń gbé tó oṣù 11 sí 12. Ọmọ tí ó bí á gùn ju mítà mẹ́rin lọ. Gẹ́rẹ́ tó bá bọ́ sómi ló gbọ́dọ̀ gòkè lọ mí. Wàrà ìyá rẹ̀ nípọn, ọ̀rá inú rẹ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Ìyá ń fún ọmọ lọ́mú lójoojúmọ́, òun alára kò fi nǹkan kan kan ẹnu. Ara rẹ̀ ló ń joro kí ti ọmọ lè kún. Tí a bá ń fi ìkúnlẹ̀ abiyamọ bẹ ayé, ó yẹ kí a ka ti èyí mọ́ ọn.

Ní Exmouth Gulf lọ́hùn-ún ní Ọsirélíà, àwọn olùwádìí lẹ ẹ̀rọ mọ́ ìyá àti ọmọ lára láti gbọ́ ohun tí wọ́n ń bá ara wọn sọ. Èsì rẹ̀ jáde ní 2017: kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni ọmọ ń pe ìyá rẹ̀. Àwọn olùwádìí náà gbà pé kí orca má baà gbọ́ ni, kí akọ tó ń wá abo kiri má sì gbọ́.

Akọ kì í rọra sọ tirẹ̀. Roger Payne àti Scott McVay ló ṣàlàyé nínú ìwé ìròyìn Science ní 1971 pé ohùn rẹ̀ jẹ́ orin, tó ní ìpín àti àtúnwí. Orin kan lè gba ìṣẹ́jú 10 sí 20, á sì máa tún un kọ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Orin kan náà ni gbogbo akọ inú omi kan ń kọ. Bí ó bá yí padà, gbogbo wọn á yí i.

Àwa ènìyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n run. Láti nǹkan bí 1912 làwọn ará Norway ti ń dọdẹ wọn ní Cape Lopez ní Gabon, níbi ìkúnlẹ̀ wọn gan-an. Ní gbogbo ìdajì ayé ti gúúsù, ohun tí wọ́n pa nínú wọn ní ọ̀rúndún ogún ju 200,000 lọ. Ìjọba Soviet nìkan pa nǹkan bí 48,000, ṣùgbọ́n 2,700 ó lé díẹ̀ péré ló kọ sínú ìwé fún àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọdẹ àbùùbùtán. Òfin dáàbò bò wọ́n ní gúúsù láti 1963, wọ́n sì ti ń pọ̀ sí i láti ìgbà tí ọdẹ náà ti dáwọ́ dúró.

Ariwo ló ń bà mí lẹ́rù báyìí. Àwọn tó ń wá epo rọ̀bì a máa yin ìbọn afẹ́fẹ́ sínú omi lemọ́lemọ́, kí ìró tó bá padà lè sọ ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ òkun. Ìwádìí kan tó jáde ní 2014 láti àríwá Angola fi hàn pé bí ìró ìbọn yìí bá ṣe ń ròkè ni akọ tó ń kọrin ń dín kù. Láti Nàìjíríà dé Gabon dé Angola, epo ni gbogbo ìjọba etíkun yìí ń wá. Mi ò ní kí wọ́n má wá a. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́rin péré ni àwọn abiyamọ wọ̀nyí ń lò lọ́dọ̀ wa. Mẹ́jọ tó kù tó fún ìbọn yínyìn. Ẹni tó ń fọwọ́ sí ìwé àṣẹ ló lè kọ ọ́ sínú rẹ̀.