Bí Wọ́n Ṣe Ń Kó Orin Àtijọ́ Jọ Sínú Àwo Kan

Ẹni tó bá rìn gba Mayfair kọjá ní Ilé-Ifẹ̀ yóò gbọ́ orin lọ́tùn-ún lósì. Òmíràn jẹ́ tuntun, òmíràn ti pẹ́. Báwo ni orin tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn ṣe ń dé etí ọmọ tí wọn kò tíì bí nígbà náà? Ọ̀nà kan ni àkójọ orin.

Kí ni àkójọ orin?

Olórin lè ṣe àwo kan lọ́dún yìí, kó ṣe òmíràn lọ́dún tó ń bọ̀. Nígbà tó bá pẹ́, àwo wọ̀nyí á fọ́n káàkiri. Òmíràn á há, òmíràn á fọ́, òmíràn á sọnù. Nígbà náà ni àwọn kan á jókòó, wọ́n á ṣa èyí tó dára jù nínú wọn, wọ́n á kó o pọ̀ sínú àwo kan ṣoṣo. Ó dà bí ìgbà tí àgbẹ̀ bá ṣa iṣu tó dára sọ́tọ̀, kó má bàa jẹrà mọ́ ìyókù.

William Onyeabor ará Enugu

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Ọ̀gbẹ́ni William Onyeabor jẹ́ ọmọ Ìgbò, ìlú Enugu ló ń gbé. Láàárín ọdún 1977 sí 1985, ó ṣe àwo 8. Orin ijó ni, ṣùgbọ́n ó yàtọ̀ sí ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Dùùrù oníná ló fi ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Dùùrù yìí kì í ṣe irú èyí tí ẹ ń gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì láyé àtijọ́. Iná mànàmáná ló ń dá ohùn inú rẹ̀. Ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ lè yí bọ́tìnnì, kí ohùn náà dún bíi fèrè, tàbí kó máa rú bí ẹ̀fúùfù.

Ọkùnrin yìí kò gbẹ́kẹ̀ lé ẹnikẹ́ni. Òun fúnra rẹ̀ ló ní ilé tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀, òun náà ló ní ilé-iṣẹ́ tó ń tẹ àwo, ní Enugu níbẹ̀. Nígbà tó di ọdún 1985, ó di àtúnbí, ó sì fi orin ijó sílẹ̀ pátápátá. Ó gbájú mọ́ òwò àti ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe gbàgbé rẹ̀.

Ní ọdún 2013, ilé-iṣẹ́ àwo kan ní Niú Yọ́ọ̀kì, tí wọ́n ń pè ní Luaka Bop, kó orin rẹ̀ jọ. Síídì rẹ̀ gba orin 9. Kíá, òkìkí rẹ̀ kàn kárí ayé. Ní ọdún 2014, àwọn olórin kan kó ara wọn jọ, wọ́n kọ orin rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà. Òun kò bá wọn lọ. Ó kú ní Enugu ní oṣù kìíní ọdún 2017, lẹ́ni 70 ọdún.

Ìbéèrè tó wà lára àwo náà

Ẹ wá gbọ́ o. Orúkọ tí wọ́n fún àkójọ náà jẹ́ ìbéèrè: Ta ni William Onyeabor? Èédì wo nìyẹn? Ìdí ni pé wọ́n wá ìtàn ayé rẹ̀, wọn kò rí i tò. Àwọn kan ní Rọ́ṣíà ló ti kọ́ nípa sinimá. Àwọn mìíràn ní òfin ló kọ́ ní Ìlú Ọba. Wọ́n bi òun náà, kò fẹ́ sọ. Orin wà, ṣùgbọ́n ìtàn kò sí nínú ìwé.

Ẹ̀tọ́ ọmọ olórin

Àkójọ orin kì í ṣe ọ̀rọ̀ ijó nìkan. Owó wà nínú rẹ̀. Lábẹ́ òfin Nàìjíríà ti ọdún 2022, ẹ̀tọ́ ẹni tó kọ orin kò tán títí di ọdún 70 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ẹ ṣírò ti Onyeabor: ó di òpin ọdún 2087. Nítorí náà ọmọ àti ọmọ-ọmọ lè jẹ nínú rẹ̀. Òfin náà sì sọ pé ẹni tó bá fẹ́ gbé ẹ̀tọ́ yìí fún ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ ṣe é nínú ìwé. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kò tó.

Kí ni ká ṣe?

Bí bàbá tàbí ìyá yín bá ti kọrin rí, ìbáà ṣe àwo kan péré:

1. Ẹ tọ́jú àwo náà pẹ̀lú páálí rẹ̀. Ẹ tò ó lóòró, ẹ má sá a sóòrùn, kó má bàa ká.
2. Ẹ kọ orúkọ akọrin, orúkọ àwọn onílù, ìlú àti ọdún sínú ìwé, nígbà tí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣì wà láàyè.
3. Bí ẹnìkan bá mú ìwé àdéhùn wá, ẹ kà á tán kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Èyí tó bá ta kókó, ẹ gbé e lọ bá lọ́yà. Ẹ má tẹ̀ka mọ́. Ẹ ti mọ̀wé báyìí.

Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Ṣùgbọ́n orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀, ta ni yóò rántí rẹ̀?

Ẹ dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí:

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín àwo tuntun àti àkójọ orin?
2. Kí ló dé tí wọ́n fi fi ìbéèrè sọ àwo Onyeabor lórúkọ?
3. Olórin wo ní àdúgbò yín ni kò yẹ kí ìtàn rẹ̀ sọnù? Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.