Sípíkà Tí Ń Gbọ́ Ọ̀rọ̀: Ẹ Wádìí Kí Ẹ Tó Náwó

Àwọn kan ń bèèrè nípa sípíkà tí ènìyàn ń fi ẹnu pàṣẹ fún, tí orin kan náà yóò sì máa dún ní pálọ̀ àti ní yàrá. Ẹ jẹ́ kí á là á yé ara wa.

Amazon gbé Echo jáde ní 2014, Google gbé Google Home jáde ní 2016. Irú kan náà ni kí ẹ rà, nítorí ti Amazon kì í bá ti Google ṣẹgbẹ́. Ẹ fi áàpù rẹ̀ sórí fóònù, ẹ so gbogbo sípíkà mọ́ Wi-Fi kan ṣoṣo, ẹ kó wọn sí ẹgbẹ́ kan nínú áàpù, kí ẹ sì sọ ẹgbẹ́ náà lórúkọ. Orúkọ yìí ni ẹ ó máa pè.

Owó sípíkà nìkan kọ́ ni ìnáwó o. Ó ń lo iná, ó sì ń jẹ dátà. Orin tó ń wọlé ní kílóbíìtì 160 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ń jẹ nǹkan bíi MB 72 ní wákàtí kan. Wákàtí 5 lójúmọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́ á lé ní GB 10.

Bí ẹ bá fẹ́ sọ̀rọ̀ owó nínú ilé, ẹ tẹ bọ́tìnnì tó ń dí i létí.

Ẹni tó bá fẹ́ fi owó ẹ̀yáwó rà á, kí ó ra ẹyọ kan ná, kí ó ṣírò dátà oṣù kan. Ọjà ló ń san ẹ̀yáwó. Orin kì í san gbèsè.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́