Bọ́ọ̀lù ní Amẹ́ríkà: owó sọ aládùúgbò di àjòjì

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní Amẹ́ríkà, orúkọ àwọn ẹgbẹ́ ìdíje bọ́ọ̀lù kò bá ilé mu mọ́. Big Ten, tí ó túmọ̀ sí «Mẹ́wàá Ńlá», ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga 18. Ẹgbẹ́ etí òkun Àtìláńtíìkì sì ní ọmọ ẹgbẹ́ méjì ní California, ní etí òkun Pàsífíìkì.

Bọ́ọ̀lù yìí yàtọ̀ sí èyí tí àwọn ọmọ wa ń fi ẹsẹ̀ gbá. Ó rí bí ẹyin. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sáré. Láti ìgbà pípẹ́, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ó súnmọ́ra máa ń dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti bá ara wọn díje. Ẹgbẹ́ náà ni ó ń ta ìdíje wọn fún ilé-iṣẹ́ tẹlifísọ̀n, tí ó sì ń pín owó rẹ̀.

Owó yìí ni ó tú ilé ká. Ní 2022, ilé-ẹ̀kọ́ méjì ní Los Angeles, USC àti UCLA, kéde pé àwọn yóò kúrò nínú Pac-12, ẹgbẹ́ tí ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1915. Big Ten ni wọ́n ń lọ, níbi tí owó ti pọ̀ jù. Ní 2023, àwọn mẹ́jọ mìíràn kéde pé àwọn náà ń lọ. Nígbà tí oṣù kẹjọ 2024 fi máa dé, méjì péré ni ó kù: Oregon State àti Washington State.

Kí ni èyí ṣe sí ètò ìdíje? Láti 2006 dé 2010, nígbà tí ẹgbẹ́ yìí jẹ́ 10, olúkúlùkù ń bá àwọn 9 yòókù díje lọ́dọọdún. Ní Big Ten, ìdíje 9 náà ni, ṣùgbọ́n àwọn yòókù jẹ́ 17. Ilé-ẹ̀kọ́ méjì lè jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan, kí ọdún sì yípo láìpàdé.

Ọ̀nà tún jìn. Láti Los Angeles dé ọ̀dọ̀ Rutgers ní New Jersey tó nǹkan bíi kìlómítà 4.000. Bí aago bá lu méjìlá ọ̀sán níbẹ̀, aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ni ní Los Angeles.

Àwọn aládùúgbò ni ó pàdánù jù. Oklahoma àti Oklahoma State ti ń díje láti 1904. Oklahoma lọ sí ẹgbẹ́ SEC; ní 2024, wọn kò pàdé rárá. Ṣùgbọ́n ìyípadà kan náà mú Texas àti Texas A&M pàdé lẹ́ẹ̀kan sí i ní 30 oṣù kọkànlá 2024. Wọn kò tíì pàdé láti 2011.

Ní ti àwọn méjì tí ó kù, inú ẹgbẹ́ mìíràn, Mountain West, ni wọ́n ti wá púpọ̀ nínú àwọn alátakò wọn ní 2024. Ẹni tí kò ní ẹgbẹ́ kò ní ẹni tí yóò bá díje.